Láàárín Ìsìnkú Màámi àti Ìkómọ Wa

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kejì, 1972

Màámi wá bá wa jẹun lẹ́yìn ìsìn. Láti Mùṣín dé Sùúrùlérè níbí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín, wọ́n ní bọ́ọ̀sì kún. Ẹsẹ̀ wọn wú débi pé okùn sálúbàtà ti wọnú ẹran. Mo gbé àpótí wá pé kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e. Wọ́n ní, "Ìwọ lo lóyún. Tìẹ ni kí o gbé sókè."

Wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì lé mi níkùn, wọ́n dijú bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò tí ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Orí ti kọ sísàlẹ̀. Ó ti ń múra."

Túbọ̀sún béèrè bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Wọ́n wo ọkọ mi láti òkè délẹ̀. "Ènìyàn ni."

Mi ò sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ọmọ mi èkíní wá sáyé láìmí. Èkejì ò tilẹ̀ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i lójú mi. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣaléwá, ọwọ́ tèmi ni èyí yóò bọ́ sí. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́.

Iṣu ti gbówó lórí ní ọjà Sábó. Ẹyọ kan péré ni mo rà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kejì

Mo bá Màámi lọ sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wọn ní Mùṣín, níbi tí wọ́n ti máa ń wọn àwọn ọmọ ọwọ́ ní Sátidé. Màámi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì látìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ìsinmi wọn ni wọ́n tún fi ń ṣe èyí, lọ́fẹ̀ẹ́. Ooru mú. Àwọn ìyá jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí dé ìta. Tìrìmísíyù káfíńtà wá kan ìkọ́ tuntun mọ́ igi àjà, kí òṣùwọ̀n má baà já lé ọmọ ọlọ́mọ lórí.

Ìyàwó kékeré kan gbé ọmọ rẹ̀ wá. Èèyàn lè ka egungun ìhà ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ti múra sílẹ̀ de ìbáwí. Kó tó jókòó ló ti ń ṣàlàyé pé ìyá ọkọ òun ló ní kí òun máa fún un ní ògì nìkan. Màámi ò bá a wí. Wọ́n ṣí abọ́ oúnjẹ tiwọn, wọ́n fi ṣíbí tẹ ẹ̀wà, wọ́n da edé lílọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n gbé ọmọ lé itan. Ọmọ náà yanu bí ọmọ ẹyẹ.

"Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ," Màámi wí. "Wí fún un pé nọ́ọ̀sì ní ògì rẹ̀ dára. Ní ẹ̀wà díẹ̀ ló kù tí yóò fi dára jù."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀wà yẹn ni oúnjẹ ọ̀sán Màámi. Wọ́n mu omi, wọ́n ní kí ọmọ tó kàn máa bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹta

Wọ́n wá pè mí ní kíláàsì tí mo ti ń kọ́ni. Màámi ṣubú ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Ọ̀kan nínú àwọn bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n máa ń tẹ́ fún aláìsàn ni mo bá wọn lórí rẹ̀. Apá ọ̀tún wọn ò gbéra. Ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu wọn. Nọ́ọ̀sì Lucy, tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ bí ọmọ inú wọn, dúró tì wọ́n. Mo bú sẹ́kún. Màámi fi ọwọ́ òsì fa aṣọ mi.

"Má sunkún. Ó ń gbọ́."

Mo kọ́kọ́ rò pé Ọlọ́run ni wọ́n ń sọ. Ikùn mi ni wọ́n ń wò.

Wọ́n yíjú sí Lucy. "Ìwọ ni yóò gbà á."

"Màmá, ẹ̀yin ni. Ẹ máa dìde."

"Má purọ́ fún aláìsàn. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

Lucy kúnlẹ̀. "Rárá, mà. Èmi ni máa gbà á."

Wọ́n dijú, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹta

Màámi kú láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà lọ́dọ̀ wọn. Mi ò lè kọ jù báyìí lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹta

Ìpàdé ẹbí nílé Màámi ní Mùṣín. Bàbá Àkàngbé, ẹ̀gbọ́n Màámi, ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kọ́lápọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ pàdé wọn ní Jíbówú. Àga Màámi ni wọ́n jókòó sí, kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n dìde.

A fi ìsìnkú sí Sátidé, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, kí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tó wọlé. Bàbá fẹ́ kí a gbé wọn lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀ rọra sọ fún wọn pé Màámi ti sọ ọ́ tipẹ́: ní ìtẹ́ òkú Àtàn, ní Yábàá, kí ẹnikẹ́ni má gbé òun rìnrìn àjò. Bàbá mirí sí i, wọ́n gbà. "Ibi tó ti ṣiṣẹ́ ni kó ti sinmi."

Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí. "Ṣaléwá ò ní lọ."

Mo ní, "Bàbá, ìyá mi ni."

"Àbúrò mi ni. Aboyún kì í lọ síbi òkú. Ọ̀rọ̀ yẹn ti tán."

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀ ń wo ilẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n mi lè fi tù mí nínú, wọ́n ní kí èmi tí mo jẹ́ tíṣà kọ ìtàn ìgbésí ayé Màámi, àwọn yóò kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn ni pé kí n se oúnjẹ, kí n má jókòó sídìí rẹ̀. Mo dìde, mo lọ jókòó sí kíṣìnnì. Gbogbo ìkòkò ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Màámi ti fọ̀ wọ́n kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹta

Mo kọ ojú ìwé kan. "A bí Gertrude Àṣàkẹ́ Abọ́dúndé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1918. Ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1949. Ó nìkan tọ́ ọmọ méjì." Ó dà bí ìwé tí èèyàn fi ń wá iṣẹ́. Mo fà á ya.

Tìrìmísíyù wá láti Mùṣín. Òun ló ń kan pósí, ó fẹ́ kí n mọ̀ pé igi gidi ni òun lò. Ó jókòó sétí àga. "Àǹtí, ṣé ẹ ti kọ ti bàbá mi síbẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ ti bàbá rẹ̀.

"Nígbà tí onígbáméjì dé àdúgbò wa lọ́dún tó kọjá, ó mú bàbá mi. Gbogbo ayálégbé sá. Èmi gan-an, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, ẹsẹ̀ mi ò lè wọlé. Màmá dé, wọ́n ní kí n gbé omi wá. Wọ́n wẹ bàbá mi látorí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń wẹ ìkókó. Ìtìjú mú bàbá mi, ó ń bo ara. Màmá ní, 'Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Mi ò rí nǹkan kan. Gíláàsì mi wà nílé.'"

Ó na ìka sí ojú ara rẹ̀.

"Gíláàsì náà wà lójú wọn, Àǹtí. Mo rí i."

Mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi ń ta mí nípàá. Àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ yè é.

"Ó wà láyé. Òun ló ní tí mo bá gba kọ́bọ̀ lórí pósí yìí, kí n má pe òun ní bàbá mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá kírun ló ń dárúkọ wọn."

Bí ó ti lọ ni mo mú ìwé tuntun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹta

Mo rò pé gbọ̀ngàn yóò wà ní títì. Ó kún. Lucy ló ṣí i. Gbogbo wọn mọ̀ pé Màámi ti kú, wọ́n sì gbé ọmọ wọn wá síbẹ̀. Ọ̀kan ní, "Tá a bá jókòó sílé, ta la máa bá sọ̀rọ̀ wọn?" Bí Lucy ti ń wọn ọmọ ni wọ́n ń rò fún mi, mo sì ń kọ ọ́. Màámi bá ọ̀kan bẹ ọkọ rẹ̀. Wọ́n bá òmíràn jókòó títí ibà ọmọ fi lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pe ikùn mi ní Yétúndé, wọ́n ń kí i káàbọ̀ bí ẹni tó rìnrìn àjò kúkúrú.

Nígbà tí èrò dín, Lucy jókòó tì mí.

"Ṣaléwá, ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹ rí. Ọjọ́ tí èkíní rẹ wá láìmí."

Mo ní kó sọ.

"Nígbà tí o sùn tán, Màmá padà sí wọ́ọ̀dù. Obìnrin kan ń rọbí, kò sì sí nọ́ọ̀sì mìíràn nítòsí. Màmá gba ọmọ náà. Wọ́n bá ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n bá a dúpẹ́, wọ́n wẹ ọmọ. Ìyá náà ò mọ nǹkan kan títí dòní. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ yàrá tá a máa ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Mo wọlé lọ mú aṣọ. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ti ki aṣọ bọ ẹnu kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Wọ́n ní, 'Lucy, ti ilẹ̀kùn. Mò ń bọ̀.'"

Mo ti máa ń rò pé ikú a máa mọ́ nọ́ọ̀sì lára, pé ìdí nìyẹn tí Màámi ò fi sunkún lójú mi. Mo di ọwọ́ Lucy mú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ ọ́. Ọmọ mi yẹn ní ìyá àgbà tó sunkún rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹta

Òjò àkọ́rọ̀. Ìjì ṣí páànù ilé aládùúgbò wa. Ẹsẹ̀ mi náà ti wú báyìí.

Mo parí ìtàn náà. Mo gbé e lọ fún Bàbá Àkàngbé ní Mùṣín. Ojú wọn ò ríran kàwé mọ́, nítorí náà mo kà á sókè. Wọ́n fetí sílẹ̀ títí dé òpin, wọ́n ń fi àtàǹpàkò nu orí ọ̀pá wọn.

"Ó dára. Ṣùgbọ́n o ò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ìyàwó tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lóyún sínú nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó lọ síbi ìsìnkú. Ó ṣubú lẹ́bàá kòtò, ìrọbí mú un níbẹ̀. "Mi ò rí ìyàwó, mi ò rí ọmọ. Àṣàkẹ́ ò tíì bàlágà nígbà yẹn. Òun ló gbé orí ìyàwó mi lé itan títí tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Àwa àgbà ń sáré kiri, òun jókòó. Lọ́jọ́ yẹn ló sọ fún mi pé òun á kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ ohun tó yẹ kéèyàn ṣe."

Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Màámi ò sọ ọ́ fún wa rí.

"Kì í ṣe pé mo fẹ́ fìyà jẹ ọ́," Bàbá wí. "Mi ò lè sin Àṣàkẹ́, kí n tún wá sin ọmọ rẹ̀. Agbára mi ò gbé e."

Ìbínú tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ ìpàdé, mi ò mọ ibi tó gbà lọ. Mo kúnlẹ̀ bí ikùn ti jẹ́ kí n lè kúnlẹ̀ mọ. Mo ní mi ò ní dé Àtàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n fúnra mi kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n na ọwọ́ fà mí dìde. "Nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Tó o bá bímọ tán, èmi fúnra mi ni máa mú ọ lọ rí i."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹta

A ti sin Màámi.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ojú títì. Àwọn nọ́ọ̀sì wọ funfun, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tìrìmísíyù àti bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàbá náà kọ̀ láti jókòó.

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀ dúró tì mí, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn mi bí ìgbà tí mò ń kọ́ kẹ̀kẹ́. Mo ka ti Ògbómọ̀ṣọ́, ti ọmọdébìnrin tó gbé orí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé itan. Mo ka ti ọdún tí Bàámi kú, bí Màámi ṣe ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kí wọ́n lè se oúnjẹ fún wa láàárọ̀. Nígbà tí mo ka ti gíláàsì, wọ́n rẹ́rìn-ín, pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Mo dé ibi tí mo kọ sí pé, "Àwọn ọmọ tó gbà, a ò mọ iye wọn," mo gbójú sókè wo èrò.

Ni obìnrin kan bá dìde láàárín èrò, ó gbé ọmọ rẹ̀ sókè. "Èyí wà lára wọn!" Òmíràn dìde. Géńdé ọkùnrin kan dìde, ó ní, "Èmi náà!" Lẹ́yìn ìyẹn mi ò lè sọ bó ṣe rí. Bẹ́ǹṣì ń ró, wọ́n ń dìde níwájú, wọ́n ń dìde lẹ́yìn, ìyá pẹ̀lú ọmọ, àwọn kan tí irùngbọ̀n ti kún wọn lágbọ̀n. Pásítọ̀ ò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò tíì sunkún láti ọjọ́ yẹn, èjìká mi ni wọ́n sunkún sí.

Wọ́n gbé pósí jáde. Èmi àti Lucy jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì. A gbọ́ orin wọn títí dé òpópónà, ó ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀. Lucy bu omi fún mi. Mo rò pé inú máa bí mi níbẹ̀. Ọpẹ́ ló kún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kẹrin

Àjíǹde. Láti òní, ìjọba ní ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ọkọ̀ yóò máa gbà, kì í ṣe òsì mọ́. Àwọn ọlọ́pàá dúró níkòríta gbogbo, ọkọ̀ ń rìn bí ẹni ń lọ sílé àna. Túbọ̀sún gbé ọkọ̀ ìjàpá wa jáde lọ kọ́ ọ. Ó padà, òógùn bò ó. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má rọbí lọ́sẹ̀ yìí.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹrin

Mo lálàá Màámi. Wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn dí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹrin

Ó ti dé. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, omi dà. Túbọ̀sún sáré gbé ọkọ̀. Ní Ojúẹlẹ́gba, ẹ̀rù jẹ́ kó gbàgbé, ó yà sí ọwọ́ òsì bí ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù ń bọ̀ níwájú wa. Ọlọ́pàá fọn fèrè, ó sáré wá pẹ̀lú ìbínú, ó rí mi lẹ́yìn ọkọ̀. "Ọ̀gá! Ọwọ́ ọ̀tún! Ẹ fẹ́ pa aboyún ni?" Ó sáré síwájú wa, ó ń na ọwọ́, ó ń dá gbogbo ọkọ̀ dúró, títí a fi kọjá. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.

Lucy wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí a dé wọ́ọ̀dù. Ó fọ ọwọ́, ó wò mí, ó ní, "Ó yá."

Ìrora náà, mi ò ní kọ ọ́. Nígbà tí ọmọ jáde, gbogbo yàrá dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mo ti gbọ́ ọ rí. Okùn ìwọ́ wé e lọ́rùn. Mo rí ẹ̀yìn Lucy, mo rí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Ó fa omi kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó nù ún, ó ń gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀.

"Lucy."

"Má pè mí. Pe ọmọ rẹ."

"Kí ni mo máa pè é?"

"Ohunkóhun! Pè é!"

Mo pariwo, "Ọmọ mi, máa bọ̀! Máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi!" Mo ń pè é bí ẹni tó ń pe èèyàn lódìkejì odò. Lucy fi ẹnu bo imú àti ẹnu rẹ̀, ó rọra fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó tún fẹ́ ẹ.

Ó sín. Ó ké bí ọmọ ológbò. Lẹ́yìn náà ló wá ké gidi, igbe oníbìínú, igbe ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Lucy gbé e lé mi láyà, ó bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Màmá kọ́ mi," ló ń wí. "Màmá kọ́ mi." Nígbà tó yá ó nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin ni o. Àwọn ará Mùṣín ti ń pè é ní Yétúndé."

Túbọ̀sún wọlé, ó wo ọmọ, ó wò mí, ó tún wo ọmọ. Ó ń sọ̀rọ̀ kan, mi ò gbọ́ ọ̀kan. Ọmọ náà ń mí. Mo ń ka mímí rẹ̀ títí mo fi sùn.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹrin

Ìkómọ. Bàbá Àkàngbé ló sọ ọ́ lórúkọ: Rẹ̀mílẹ́kún. Wọ́n fi oyin kàn án lẹ́nu, ó lá ètè, ó ń wá sí i. Ẹ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀ ní Màámi ni, wọn kì í fi oyin ṣeré. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. A ń dárúkọ wọn, kò sì dùn wá jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Karùn-ún

Òjò látàárọ̀. Ọmọ ò sùn, èmi náà ò sùn. Àwọn ìyá láti Mùṣín kó ògì, ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ wá. Mo dúpẹ́ títí ẹnu ro mí.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Karùn-ún

Mo ti jáde ogójì ọjọ́. Bàbá Àkàngbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí ìlérí wọn. Wọ́n ní kí n má gbé ọmọ dání, nítorí náà Lucy jókòó tì í nílé, Túbọ̀sún sì wà wá lọ sí Àtàn.

Ilẹ̀ pupa, òjò ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Koríko ti ń yọ létí rẹ̀. Bàbá fi ọ̀pá tọ́ka. "Òun nìyí." Wọ́n fi wá sílẹ̀, wọ́n rìn sẹ́yìn díẹ̀.

Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fẹ́ sọ ti yàrá aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo fẹ́ sọ ti àwọn tó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bẹ́rẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀ náà. Ó tutù. Kí n tó la ẹnu ni ọmú mi méjèèjì kún, wàrà bá ń ṣàn, ó rin búláòsì mi títí dé ìgbànú. Wákàtí ọmọ ti tó.

Bàbá ti sún mọ́ wa padà. Wọ́n rí i, wọ́n yíjú. "Ọmọ ń pè ọ́. Dìde, ká máa lọ."

Mo ní, "Bàbá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

"Ṣaléwá. Àṣàkẹ́ tí mo mọ̀, ṣé á jẹ́ kí ọmọ máa fi ebi ké nílé nítorí pé ẹnì kan wá kí òun?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo gbọn erùpẹ̀ lọ́wọ́. "Màámi, ẹ ṣé," mo ní. "Ẹ ṣé gan-an. Mò ń lọ fún un lọ́mú."

A fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ìdí ọkọ̀.